Ojú Ìyá Rẹ Ti Là

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ títí. Mo kí orí rẹ, mo kí ọrùn rẹ, mo kí ọwọ́ rẹ méjèèjì tí o fi ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo sì kí ẹ̀yìn rẹ pàápàá tí kì í kúrò lára àga, torí mo ti ṣàkíyèsí pé bí àwọn èèyàn bá ń kíni, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka tí kì í fi í já bọ́ yóò máa ṣọ́ ọ nínú ilé alájà púpọ̀ yẹn. Iná wọn kò ní gbé ọ, ẹ̀rọ wọn kò ní gé ọ lọ́wọ́, àpótí onírin tó ń gbé èèyàn ròkè kò ní dúró sí agbede méjì pẹ̀lú rẹ nínú. Àmín.

Ilé ń kí ọ. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò jò mọ́ láti ìgbà tí o ti fi owó páánù ránṣẹ́. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ń kí ọ, ó ní kí o bá òun bi àwọn ọ̀gá rẹ pé kí ló dé tí fóònù òun fi ń sọ fún òun lójoojúmọ́ pé ibi ìkẹ́rùsí òun ti kún, nígbà tó jẹ́ pé òun ò kó ẹrù kankan síbẹ̀. Mo bá a tú ẹ̀yìn fóònù náà, a sì wò ó dáadáa, a ò bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi irun orí àwọn oníbàárà rẹ̀. A gbọ̀n ọ́n dànù, síbẹ̀ fóònù náà ò yé ráhùn.

Ṣùgbọ́n ìròyìn tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ojú ìyá rẹ ti là. O kúkú mọ̀, o bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, àmọ́ mo ní láti tún un sọ kí n tó lè rí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kù tẹ̀. Mi ò fi fóònù pè ọ́ torí ọ̀rọ̀ fóònù, ọ̀rọ̀ ìdúró ni, kí èèyàn tó dé ibi tó ń lọ, owó inú rẹ̀ á ti tán, tàbí kí wọ́n ti pè ọ́ sí ìpàdé. Èyí, mo jókòó tì í. Mo ti gbá èérún igi kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ mi, mo sì ti gbẹ́ pẹ́ńsùlù tí mo fi ń sàmì sí pákó, torí bírò kì í gbà mí lọ́wọ́. Bí ìwé yìí bá dúdú jù, fojú fò ó.

Ọdún tó kọjá tí mo wá wo ibi iṣẹ́ rẹ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti di káfíńtà, mi ò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn tí mo nawọ́ sí, kí ọwọ́ mi tó kàn án ló ti ṣí fúnra rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sá, mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Gbogbo yín fi okùn gbé àwòrán ara yín kọ́ ọrùn, mo sì sọ nínú ara mi pé ilé-iṣẹ́ yìí mà tóbi o, èèyàn pọ̀ níbẹ̀ débi pé olúkúlùkù ní láti máa gbé àwòrán ara rẹ̀ kiri kó má baà ṣi ara rẹ̀ mú fún ẹlòmíì. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí nǹkan dí etí wọn, àánú wọn ṣe mí, mo sì ń yin ilé-iṣẹ́ náà nínú ọkàn mi pé wọ́n ń gba adití síṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀kan yọ tirẹ̀ létí tó ní ẹ káàbọ̀, sà. O mú mi dé ibi tí ẹ ti ń jẹun, o ní kí n bu ohunkóhun tó bá wù mí, pé kò sí ẹni tí yóò gbowó lọ́wọ́ mi. Mo bi ọ́ pé ta ni ká wá lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ní kò sí ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ò bá mi lára mu, nígbà tí o yíjú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ fìríìjì.

Lẹ́yìn náà lo mú mi dé ìdí tábìlì rẹ. O tẹ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tábìlì ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga bí ẹni pé ẹnì kan ń gbé e láti abẹ́. Èmi káfíńtà, mo rí tábìlì tó ń dìde, ṣé màá dúró lásán ni? Mo rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀ kí n wo oríkèé rẹ̀, mi ò rí ìṣó kan ṣoṣo. Ohun tí mo rí ni aṣọ ìbora kékeré kan tí wọ́n ká dáadáa, pẹ̀lú ìrọ̀rí kan, àti kọ́ọ̀bù tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà nínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde, mo ń dúpẹ́. Mo ní ilé-iṣẹ́ yìí mà ń tọ́jú yín o, wọ́n fún yín lóúnjẹ, wọ́n fún yín ní tábìlì, wọ́n tún fún yín láṣọ ìbora. O ní, bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. O rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà ni mo rí.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí n máa lọ lo sọ fún mi pé wọ́n fún ọ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, pé ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́rin kó tó di tìrẹ pátápátá. Mo bi ọ́ pé apá ibo ni nínú ilé náà. O ní kì í ṣe apá ibì kankan. Mo rò pé ojú ló ń tì ọ́. Nígbà tí mo jáde, mo dúró lódìkejì títì, mo ka fèrèsé, mo sì yan ọ̀kan fún ọ lájà kẹta, èyí tí oòrùn òwúrọ̀ ń wọlé sí. Mo délé, mo sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ mi ti ní fèrèsé kan nínú ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ohun inú fóònù gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Onífèrèsé. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi, ọmọ mi. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí o wá sílé kẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ta péré lo lò, o sì fi méjì sùn nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ń wọlé tọ̀ ọ́ ṣáá, ó ń fẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ wò bóyá ibà ni. Fóònù rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, bó bá ti dún báyìí, wàá ti dìde jókòó kí ojú rẹ tó là. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń fá pákó ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí o wá jókòó sórí àwọn igi tí mo tò, o ń fọwọ́ wá inú èérún igi bí o ti ń ṣe ní kékeré. O ní, Bàbá, ó ń wù mí kí n fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. O ní ilé-ìwé oríta ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin èyí tí o ń gbà, ṣùgbọ́n wàá máa rí wa, wàá sì máa sùn. O ní ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ṣe é pọ̀, o ò sì lè nawọ́ sí ibì kan nínú rẹ̀ kí o ní èmi ni mo ṣe èyí. O ní odindi oṣù mẹ́jọ lo fi ṣiṣẹ́ kí bọ́tìnì kan lè kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, nígbà tí ẹ ṣe é tán, wọ́n ní kí ẹ dá a padà. Mo rò pé bọ́tìnì ẹ̀wù ni. Mo ní ìyá rẹ ì bá ti fi ìṣẹ́jú méjì bá ọ rán an ká ní ojú rẹ̀ dá. O ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó wò. Mo tọ onígbàjámọ̀ lọ. Ó ń fá orí oníbàárà kan lọ́wọ́, ó fi abẹ ka oore ibẹ̀ fún mi. Ó ní owó ń wọlé lásìkò. Ó ní oúnjẹ ọ̀fẹ́, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwòsàn fún ọ àti fún àwa òbí rẹ, àwọn ọlọ́gbọ́n lo ń bá jókòó, orúkọ ibẹ̀ nìkan sì tó kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ níbikíbi tí o bá tún lọ láyé. Mo ní aburú tó wà níbẹ̀ ńkọ́. Ó gbé abẹ sókè, ó ronú títí, ó ní òun ò rí aburú kankan àfi pé ọ̀nà jìn. Oníbàárà tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Àgbàlagbà mẹ́ta tí kò jókòó nídìí kọ̀ǹpútà rí, àwa la jókòó dá ẹjọ́ rẹ láìsí ìwọ níbẹ̀.

Mo padà wá bá ọ, mo ní o ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Mo ní ogójì ọdún ni mo ti ń kànṣó, ó ti rẹ̀ mí rí, mi ò sọ òòlù nù. Mo ní ọwọ́ tó bá ti tẹ èkù idà kì í tún padà lọ di ẹnu rẹ̀ mú. Mo ní kí o ní sùúrù kí fèrèsé yẹn kọ́kọ́ di tìrẹ. O wò mí, o ní, ẹ ṣé, Bàbá, o gbọn èérún igi kúrò láṣọ, o lọ di ẹrù rẹ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe owó rẹ ni mo ń dù. Tàbí kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe owó nìkan. Bí o bá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò máa pè mí ní Bàbá Onífèrèsé?

Mi ò ní purọ́ mọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ o, wọ́n ṣoore. Ọdún mẹ́fà ni awọ funfun yẹn fi ń bo ẹyin ojú ìyá rẹ díẹ̀díẹ̀, bí èéfín ṣe ń bo gíláàsì àtùpà. Ó kọ́kọ́ pa abẹ́rẹ́ ọwọ́ tì, nígbà tó yá ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àwọn oníbàárà ò wá mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, ohùn àti ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ èèyàn. Gbogbo ìgbà tó ń fọwọ́ kàn ọ́ lórí yẹn, òjìji rẹ ló ń rí. Ìwọ lo ní ilé-iṣẹ́ rẹ yóò san owó iṣẹ́ abẹ náà, o sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Fọ́ọ̀mù yẹn fojú mi rí nǹkan. Ó bi mí lórúkọ, mo sọ. Ó bi mí lọ́jọ́ ìbí, mo sọ èyí tí mo rántí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi hàn pé èèyàn ni mí, pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo wo ara mi. Mo pe ìyá rẹ kó wá jẹ́rìí, ó ní òun ò ríran. Fóònù ní kí n tẹ gbogbo àwòrán tí àtẹ̀gùn bá wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta dára, iṣẹ́ gidi ni. Ìkẹrin, ọmọ mi, kì í ṣe àtẹ̀gùn, ìṣísẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, ẹni tó bá gùn ún yóò kán lẹ́sẹ̀, mi ò sì lè fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fóònù ní mo kùnà. Ó gbé òmíì wá, mo tún sọ òtítọ́, mo tún kùnà. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n kọ̀ láti gbà pé èèyàn ni mí torí pé mo mọ iṣẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé-ìwòsàn ló wá bá mi tẹ̀ ẹ́, ó ka àtẹ̀gùn burúkú yẹn mọ́ wọn, wọ́n sì gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n tún fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ní kí n sọ ọ́, mo ní rárá. Fóònù fúnra rẹ̀ ní kí n sọ ọ́, mo ní ìwọ gan-an lo ní kí n má sọ ọ́. Odindi ọjọ́ kan ni ojú ìyá rẹ fi dúró lórí àṣírí yẹn.

Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Ìyá rẹ ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú báńdéèjì, kí ó jẹ́ ìwọ ló máa jókòó síwájú òun, kí òun má kọ́kọ́ rí ẹlòmíì. Ó ní kí n má bínú, èmi, òun ti mọ bí mo ṣe rí. O pè mí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. O ní wọ́n lè fún ọ láyè ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà lẹ fẹ́ gbé ohun tuntun yín jáde, ọ̀gá rẹ ní òun ò ní dí ọ lọ́wọ́, kí o fúnra rẹ yàn. O ní, Bàbá, bí ẹ bá ní kí n wá, màá wá. O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àárọ̀ ọjọ́ náà, onígbàjámọ̀ ti ka ìwé ìròyìn sí wa létí pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan bíi tiyín lé ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, pé nígbà tí káàdì ọrùn wọn kọ̀ tí kò ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́ ni wọ́n tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ń rí ọ lójú ọkàn mi níwájú ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Mo ní, má wá. Mo ní ojú kì í sá lọ, bó bá là lónìí, á ṣì wà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ń gbọ́ báwọn èèyàn ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lẹ́yìn rẹ. O ní, ó dáa, Bàbá.

Mo wọlé, mo sọ fún ìyá rẹ pé ilé-iṣẹ́ rẹ kọ̀.

Yàrá oníbùsùn mẹ́rin ni wọ́n fi wá sí, kọ́tìnì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi pín in, fáànù kan ń yí lókè tó ń dún bí ayùn tí kò mú. Nígbà tí dókítà tú báńdéèjì náà, ìyá rẹ kọ́kọ́ di ojú pọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó wá là á díẹ̀díẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí. Ó ní, ẹ mà rẹwà o, ọmọbìnrin náà sì bú sẹ́kún. Ó yíjú sí mi, ó wò mí títí, ó ní, Bàbá Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ìgbà wo lẹ darúgbó báyìí? Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri inú yàrá, ó wo ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì, ó wo ẹ̀bá kọ́tìnì, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé o ò sí níbẹ̀, mo ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là kì í gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún etí.

Nọ́ọ̀sì bá wa pè ọ́ kí a lè rí ojú rẹ. O yọ. Ìyá rẹ gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, ó ń fi àtàǹpàkò nu gíláàsì rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ní, ṣé ìwọ nìyí? O ní, èmi ni, Màmá. Ó ní, egungun ọrùn rẹ yọ síta. O ní iná ibẹ̀ ló mú un rí bẹ́ẹ̀. Ó wá bi ọ́ pé ṣé lóòótọ́ ni ilé-iṣẹ́ rẹ kọ̀ tí wọn ò jẹ́ kí o wá.

Ọmọ mi, mo wà níbẹ̀. Mo di irin ibùsùn mú. Ojú rẹ kúrò lára ìyá rẹ, ó wá mi rí lẹ́yìn èjìká rẹ̀, ó dúró lára mi. O lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn, ẹ̀tọ́ rẹ ni. O ní, bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, wọ́n kọ̀, ẹ má bínú. Kí ìyá rẹ tó fèsì, ẹnì kan pè ọ́ lẹ́yìn, o ní ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, gíláàsì náà sì ṣókùnkùn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìyá rẹ ò gbé fóònù sílẹ̀, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí a délé, kò sí ohun tí kò rí. Ó rí jàǹkáríwọ̀ òkè àjà, ó rí i pé ilẹ̀kùn tí mo ní mo kùn láwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀ ni mo fi kùn ún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igbe tó ké, gbogbo àdúgbò ló sáré wá. Ṣùgbọ́n ó ń bínú sí ilé-iṣẹ́ rẹ. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé àwọn tó la ojú òun náà ló fi ọmọ òun pamọ́ fún ojú òun. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ̀gá wọn pátápátá. Onígbàjámọ̀ tí kò rí aburú kankan níbẹ̀ lọ́jọ́sí ti wá ń fi ìka ọwọ́ méjèèjì ka aburú wọn. Èmi jókòó láàárín wọn, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ẹni tí kò ṣẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó ń ta mí lára ni pé wọ́n ń gbé ẹrù mi ru ẹni tó ṣe mí lóore.

Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá rẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo gbogbo ohun tí mo ti kàn láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣú, ó ń yìn mí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè fara da ìyìn náà. Mo gbé ayùn sílẹ̀. Mo ní ọmọ rẹ fẹ́ wá, èmi ni mo ní kó má wá. Mo ní ó fẹ́ padà wálé pátápátá nígbà kan, èmi náà ni mo ní kó dúró. Mo ní ó purọ́ nítorí mi, mo sì dákẹ́ jẹ́ kó pa á. Mo ń retí ariwo. Ó yọ awò dúdú tí wọ́n fún un ní ilé-ìwòsàn, ó wò mí. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, ẹ̀yin lojú yín fọ́, kì í ṣe èmi. Ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ ju oúnjẹ ti délẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin ó jókòó tì mí, ó ní kí n ròyìn ibi iṣẹ́ rẹ fún òun láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo sọ ti tábìlì, mo sọ ti fìríìjì, mo sọ ti aṣọ ìbora àti búrọ́ọ̀ṣì. Ó dá mi dúró níbẹ̀. Ó ní, Bàbá Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ta ló ń fọ eyín níbi tí kì í sùn sí? Ọmọ mi, odindi ọdún kan ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ìròyìn ayọ̀.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbà á padà. Mi ò ní kí o kúrò níbẹ̀ o. Bí mo bá tún pàṣẹ pé kí o kúrò, mo ṣì ń gun ẹ̀yìn rẹ náà ni, apá ibòmíì ni mo kàn dojú kọ. Ibẹ̀ ní oore, ojú ìyá rẹ ni ẹ̀rí. Ibẹ̀ ní aburú, egungun ọrùn rẹ ni ẹ̀rí. Ìwọ lo ń gbé e, ìwọ lo mọ èyí tó wúwo. Bí o bá dúró, má dúró nítorí wa. Bí o bá wálé, má wo ẹnu mi. Mo ti sọ fún onígbàjámọ̀ pé kó má pè mí ní Bàbá Onífèrèsé mọ́, ó ní òun á gbìyànjú. Àwọn baba kì í sábà bẹ ọmọ, wọn ò kọ́ wa. Mo bẹ̀ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni láyé, nọ́ọ̀sì tí a ò mọ̀ rí ló sì jókòó síbi tó yẹ kí o jókòó. Ìyẹn ò ṣeé gbà padà, mo sì ń rò ó nígbà gbogbo tí mo bá ń fa ìṣó tó wọ́ yọ nínú igi, torí bí ìṣó tilẹ̀ yọ, ihò rẹ̀ ò lọ.

Mo fẹ́ tọrọ owó díẹ̀. Owó ọkọ̀ ni, èèyàn méjì, àlọ nìkan, ti àbọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Jọ̀ọ́, má fi sí báńkì tèmi, torí ẹ̀rọ tó ń pọ owó lẹ́nu ọ̀nà wọn bi mí bóyá mo tún fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn, ibi tí mo ti ń ro ohun tí mo tún fẹ́ láyé mi ló ti gbé káàdì mi mì. Ti onígbàjámọ̀ ni kí o fi í sí. O ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ ní kí n kọ ìyẹn dáadáa. Òun ló ń bọ̀. Ó ní kí o ṣáà jókòó sáyè rẹ, kí o máa ṣe iṣẹ́ rẹ, òun á jókòó ní òdìkejì, òun ò ní sọ̀rọ̀. Mo ní ṣebí ó ti rí ọ lórí fóònù. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an, pé òun ò tíì rí ọmọ òun.

Ọwọ́ rẹ kò ní ṣiṣẹ́ tí a kò ní rí ibi tí o ṣiṣẹ́ sí. Ibi tí o bá fẹ́ dúró ni wàá dúró, ibi tí o bá fẹ́ lọ, ọ̀nà á là fún ọ. Wàá sùn, wàá jí, ara rẹ á le. Àwọn tí o bá bí kò ní máa fi òjìji mọ̀ ọ́. Àmín.

Ìyá rẹ ti di ẹrù tirẹ̀ tán. Mo ṣàlàyé fún un pé lẹ́tà á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ ná, kí o tó fèsì, kí a tó lè wọkọ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó ti jókòó lórí àpótí aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ní kí n ṣe kíá, kí n parí rẹ̀.

Èmi ni bàbá tó bí ọ.